Ilé Wo Ló Yẹ Ọmọ Ajá?

Ọmọ ajá tuntun dé sílé. Ó kéré, irun rẹ̀ rọ̀ bí òwú, etí rẹ̀ sì wó sílẹ̀. Gbogbo ọmọdé ilé ló fẹ́ gbé e. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn àgbà wa a máa fi odindi gbólóhùn sọ ajá lórúkọ. Bí wọ́n bá ti pe ajá náà, aládùúgbò tí wọ́n ń bá wí á ti gbọ́ tirẹ̀. Àwa kò bá ẹnikẹ́ni jà, nítorí náà ẹ jẹ́ ká pe ajá tiwa ní Tanímọ̀la.

Tanímọ̀la ti jẹun. Ó ti mu omi. Ó ti sáré yí àgbàlá ká títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ní báyìí, ilẹ̀ ti ń ṣú. Níbo ni yóò sùn?

Ẹnìkan lè sọ pé: "Ṣebí ajá ni. Kí ó sùn sílẹ̀." Òótọ́ ni pé ajá ńlá lè sùn síbi tó bá wù ú, ní ẹnu ọ̀nà, ní ìdí àmù tàbí lábẹ́ igi máńgòrò. Ṣùgbọ́n Tanímọ̀la kì í ṣe ajá ńlá. Ọmọ oṣù 2 ni. Kò mọ̀ pé iná ń jóni. Kò mọ̀ pé zémìjàn tó ń sáré bọ̀ lè tẹ òun. Bí ó bá rí okùn, á jẹ ẹ́. Bí ó bá rí ejò, á fẹ́ bá a ṣeré. Bí gbogbo ilé bá sùn, tí òun nìkan sì jí, ó lè rìn jáde sí ojú títì, kí ó má sì mọ ọ̀nà padà. Ìdí nìyẹn tí ọmọ ajá fi nílò ilé kékeré tirẹ̀, àpótí tàbí àgò tó ní ilẹ̀kùn.

Ṣé àpótí kò ní dà bí ẹ̀wọ̀n lójú rẹ̀? Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ wo ìyá ajá tó fẹ́ bímọ. Kì í bímọ sí àárín àgbàlá. Ó máa ń wá ibi kọ́lọ́fín, lábẹ́ àká tàbí lẹ́yìn igi ìdáná. Nígbà mìíràn, á fi ẹsẹ̀ gbẹ́ ihò. Inú ibi kékeré bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bí ọmọ ajá sí. Ojú rẹ̀ kì í là títí ó fi tó bí ọ̀sẹ̀ 2. Nítorí náà, kí ó tó mọ òde rárá, ó ti mọ ibi híhá, ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀, ibi tí ara ìyá rẹ̀ wà. Ibi kékeré kì í bà á lẹ́rù. Àwa la lè sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n, bí a bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn láti àárọ̀ di alẹ́.

Ó dáa. Irú àpótí wo ni ká wá fún un? Ẹ jẹ́ ká wo èyí tó wà nílé àti èyí tó wà lọ́jà.

Páálí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń mú. Páálí mílíìkì tàbí ti ọṣẹ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, wọn kì í sì í sábà tà á. Ó rọ̀, ó sì móoru. Fún alẹ́ ọjọ́ kìíní, kò burú. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ajá bá tọ̀ sínú páálí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ á rọ̀, á sì máa rùn. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ ajá á ti ya ẹ̀gbẹ́ kan. Lọ́jọ́ kẹta, á ti máa gbé páálí mì. Ọjọ́ 1 tàbí 2 ni kí páálí wà nílé, kí ẹ tó wá nǹkan mìíràn.

Àgò imọ̀ ọ̀pẹ ńkọ́? Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Inú rẹ̀ ni àwọn ìyá wa máa ń kó adìẹ sí lọ sọ́jà. Atẹ́gùn ń wọ inú rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, ó sì fúyẹ́ débi pé ọmọdé lè gbé e. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ọmọ ajá láti oko wá sílé, àgò yìí dára gan-an. Ṣùgbọ́n kò lè pẹ́ lọ́dọ̀ ajá. Eyín ọmọ ajá dà bí eyín tiyín, èyí àkọ́kọ́ á yọ dànù kí èyí tuntun tó hù. Láti bí oṣù 4 ni eyín rẹ̀ ti ń yọ. Ẹran eyín á máa yún un, á sì máa jẹ ohunkóhun tó bá kàn án lẹ́nu. Imọ̀ ọ̀pẹ tó bá fọ́ máa ń mú bí abẹ́rẹ́, ó sì lè gún un ní ọ̀nà ọ̀fun. Ohun kan tún wà. Bí adìẹ bá ti gbé inú àgò náà rí, ẹ jẹ́ kí àgbà fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí wọ́n sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ. Kòkòrò ara adìẹ lè wà nínú rẹ̀.

Ní ìlú ńlá bíi Kútọnu tàbí Àjàṣẹ́, ẹ lè rí àpótí ike tó ní ìmú lókè àti ilẹ̀kùn irin níwájú. Àwọn tó ń rìnrìn àjò ló sábà máa ń lò ó. Omi kì í wọ inú ike, ó sì rọrùn láti fọ̀. Ó tún ní ohun rere kan tó yẹ ká kọ́ lára rẹ̀. Kí wọ́n tó gbé ajá sínú àpótí wọ ọkọ̀ òfurufú, ajá náà gbọ́dọ̀ lè dìde dúró nínú rẹ̀, kí ó lè yí padà, kí ó sì lè dùbúlẹ̀ dáadáa. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. A máa lò ó láìpẹ́. Àléébù ike ni pé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dí, ihò kéékèèké nìkan ló wà lára rẹ̀. Nínú ooru ilẹ̀ wa, inú rẹ̀ máa ń gbóná kíákíá.

Àgò irin tún wà, èyí tí wọ́n fi wáyà tàbí ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe. Atẹ́gùn pọ̀ nínú rẹ̀ ju gbogbo ìyókù lọ. Ajá ń rí wa, àwa náà ń rí i. Eyín rẹ̀ kò ràn án. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ àgò náà bá jẹ́ wáyà, ẹsẹ̀ kékeré á máa bọ́ sáàárín rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ tẹ́ pákó sí i. Bí irin bá wà nínú oòrùn, ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe máa ń gbóná. Ẹni tó bá ti di irin kẹ̀kẹ́ tó wà nínú oòrùn mú lọ́sàn-án kò ní béèrè. Bí okùn bá sì wà lọ́rùn Tanímọ̀la, ẹ tú u kí ó tó wọlé. Okùn ọrùn lè kọ́ wáyà, kí ó sì fún ajá lọ́rùn nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sí nítòsí.

Ó ku àpótí pákó. Gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò lè kàn án, ó tilẹ̀ lè fi àjákù pákó ṣe é. Nígbà ọyẹ́, pàápàá lókè Ṣábẹ̀ẹ́, òru máa ń tutù, pákó sì máa ń gba òtútù dúró. Ní ọ̀sán, kì í gbóná bí irin. Ṣùgbọ́n pákó ní ọ̀tá 2. Ọ̀kan ni ìtọ̀, tó máa ń mu wọ inú igi, tí òórùn rẹ̀ kì í sì í lọ bọ̀rọ̀. Èkejì ni ikán. Bí ẹ bá gbé àpótí lé ilẹ̀ lásán, kí ọdún tó yí po, ikán á ti jẹ ìdí rẹ̀. Ẹ gbé e lé orí bíríkì 4, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan. Omi òjò náà kò ní wọ inú rẹ̀. Kí ajá tó wọ àpótí pákó tuntun, kí àgbà kan fi ọwọ́ pa gbogbo inú rẹ̀ wò. Ìṣó kan ṣoṣo tó yọ orí lè ya ajá lójú.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa ooru, nítorí ooru lè pa ọmọ ajá.

Bí ara yín bá gbóná, ẹ máa ń làágùn. Òógùn náà á gbẹ, ara yín á sì tutù. Ajá kò ní òógùn bí tiwa. Abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ti máa ń làágùn díẹ̀. Kí ló wá ń ṣe? Ó máa ń yọ ahọ́n síta, á sì máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹ dán nǹkan kan wò. Ẹ fi omi pa ẹ̀yìn ọwọ́ yín, kí ẹ sì fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Ó tutù, àbí? Bẹ́ẹ̀ náà ni atẹ́gùn ṣe ń mú ahọ́n ajá tutù nígbà tó bá ń mí. Ṣùgbọ́n bí àpótí bá dí pa, atẹ́gùn tuntun kò ní wọlé. Èémí gbígbóná tí ajá mí síta ni yóò tún mí sínú. Á máa mí hẹlẹhẹlẹ, ara rẹ̀ kò sì ní tutù.

Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àpótí kan dára fún ilẹ̀ wa, ẹ má kọ́kọ́ wo ọ̀dà rẹ̀. Ẹ wo ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ó yẹ kí atẹ́gùn lè gba ẹ̀gbẹ́ kan wọlé kí ó sì gba ẹ̀gbẹ́ kejì jáde. Bí ó bá jẹ́ pákó, kí gbẹ́nàgbẹ́nà fi àlàfo sílẹ̀ láàárín pákó kan àti èkejì. Kí àlàfo náà fẹ̀ tó ìka 2. Kó má fẹ̀ débi tí orí ọmọ ajá á fi lè há síbẹ̀.

Ibi tí a gbé àpótí sí náà ṣe pàtàkì. Òjìji kì í dúró sójú kan. Ẹ mú ẹfun, kí ẹ sì fi sàmì síbi tí òjìji ilé wà ní aago 8 àárọ̀. Ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní aago 12, àti ní aago 4 ìrọ̀lẹ́. Ẹ ó rí i pé ibi tó tutù láàárọ̀ lè wà nínú oòrùn lọ́sàn-án. Ibi tó bá wà nínú òjìji ní ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kí ẹ gbé àpótí sí. Ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná ìdáná, ẹ má sì gbé e sí abẹ́ páànù tó lọ sílẹ̀, torí pé páànù a máa ju ooru sílẹ̀ lọ́sàn-án. Lẹ́yìn náà, ẹ ki ọwọ́ bọ inú àpótí náà ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ajá kò sí nínú rẹ̀, kí ẹ sì ka 1 dé 30. Bí ọwọ́ yín bá ń làágùn, ibẹ̀ kò yẹ ajá.

Bí ẹ bá rí i pé ọmọ ajá ń mí kíákíá jù, tí itọ́ rẹ̀ ń ki, tí ẹran eyín rẹ̀ pọ́n gidigidi, tàbí tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ooru ti mú un. Ẹ gbé e lọ síbi òjìji lójú ẹsẹ̀. Ẹ da omi tútù sí i lára, ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, kí ẹ sì ké sí àgbà. Omi àmù ti tó, kì í ṣe yìnyín.

Báwo ni kí àpótí náà tóbi tó? Ẹ rántí òfin ọkọ̀ òfurufú: kí ajá lè dúró, kí ó yí padà, kí ó sì dùbúlẹ̀. Ṣùgbọ́n Tanímọ̀la ń dàgbà. Àpótí tó bá a mu lónìí kò ní gbà á lẹ́yìn oṣù 3. Kí la máa ṣe? Ìyá rẹ̀ ni ká lọ wọ̀n. Ẹ ní kí àgbà kan dì í mú, kí ó dúró jẹ́ẹ́. Ẹ fi okùn ìwọ̀n aránṣọ wọ̀n ọ́n láti orí imú dé ìdí ìrù. Ká ní ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 65. Ẹ fi 10 kún un, ó di 75. Ìyẹn ni gígùn àpótí. Ẹ tún wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé àtàrí. Ká ní ó jẹ́ 50. Ẹ fi 10 kún un, ó di 60. Ìyẹn ni gíga rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ irú ajá Jámánì ńlá tí wọ́n fi ń ṣọ́lé ni, ó lè nílò àpótí tó gùn ju mítà 1 lọ. Àwọn ajá ilẹ̀ wa kì í sábà tóbi tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnìkan á tún ní: "Àpótí náà ti tóbi jù fún ọmọ kékeré." Òótọ́ ni. Ajá kì í fẹ́ tọ̀ síbi tó ń sùn. Bí àpótí bá fẹ̀ jù, ọmọ ajá á sùn sí apá kan, á sì fi apá kejì ṣe ilé ìgbẹ́. Kò sí ìjà níbẹ̀. Ẹ fi pákó kan dínà sáàárín àpótí, kí ọmọ ajá lo ìdajì. Bí ó bá ti ń dàgbà, ẹ máa sún pákó náà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Lọ́jọ́ tó bá dàgbà tán, ẹ yọ pákó náà kúrò. Owó àpótí 1 lẹ máa ná, kì í ṣe ti 3.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni ẹ bi, àpótí pákó ni mo máa yàn fún Tanímọ̀la, èyí tí iwájú rẹ̀ jẹ́ wáyà, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní àlàfo, tí pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ṣeé fà yọ kí a lè fọ̀ ọ́, kí a sì sá a sí oòrùn. Àpótí ike lẹ́wà jù ú lọ, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n Tanímọ̀la kò mọ ẹwà, ooru ló mọ̀. Àwọn tó ń gbé nínú ilé alátẹ́gùn ní Kútọnu lè yan ike, èmi kò ní bá wọn jiyàn.

Àpótí ti dé. Ẹ má fi ipá ti ọmọ ajá wọ inú rẹ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, kí ẹ tẹ́ àpò àgbàdo tó gbẹ tàbí àkísà mímọ́ sí i, kí ẹ sì gbé oúnjẹ rẹ̀ síbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ á wọlé. Ní ọjọ́ kìíní, ẹ má tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn ní ọ̀sán. Ní ọjọ́ kejì, ẹ tì í fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, kí ẹ jókòó tì í. Bí ó bá ṣe àṣìṣe nínú ilé, ẹ má sọ pé, "Wọ inú àpótí!" Bí àpótí bá ti di ibi ìyà, kò ní fẹ́ wọ̀ ọ́ mọ́.

Ní òru, á sunkún. Ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wá. Títí di àná, àárín wọn ló ti ń sùn. Kí ẹ tó gbé e kúrò lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ẹ fi àkísà kan pa ìyá náà lára. Ẹ fi àkísà yẹn sínú àpótí, òórùn ìyá rẹ̀ á wà níbẹ̀. Ẹ gbé àpótí sítòsí ibi tí ènìyàn ń sùn, kí ó lè máa gbọ́ èémí yín. Ọmọ oṣù 2 kò lè di ìtọ̀ mọ́ra pẹ́ ju bí wákàtí 2 tàbí 3 lọ. Nítorí náà, bí ó bá ké lóru, ó lè jẹ́ pé ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n. Kí àgbà kan gbé e jáde, kí ó tọ̀, kí ó sì padà wọlé láìsí eré. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìta ni kó kọ́kọ́ lọ.

Àpótí ilé Tanímọ̀la ni. Nígbà tó bá ń jẹun tàbí tó ń sùn nínú rẹ̀, ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn àbúrò yín pẹ̀lú, kí wọ́n má sì wọ inú rẹ̀ ṣeré. Bí eyín ajá bá ha yín, bó ti wù kí ó kéré tó, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì sọ fún àgbà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n mú yín lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi pamọ́ nítorí pé ẹ fẹ́ràn ajá náà. Àrùn dìgbòlugi kò mọ ajá ẹni.

Nígbà tí Tanímọ̀la bá pé oṣù 3, ó tó gba abẹ́rẹ́ àrùn yẹn lọ́dọ̀ dókítà ẹran. Àgò imọ̀ ọ̀pẹ tí a fi gbé e wá láti oko ṣì wà lẹ́yìn ilé. Bí ó bá ṣì gbà á, òun la máa fi gbé e lọ.